Fóònù Oníbọ́tìnnì Tuntun àti Ìdánwò Orúkọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí ó rí fún ẹni tí ó bá fẹ́ ra ohun èlò tuntun. Ilé tí ohun èlò náà ń bọ̀, iṣẹ́ tí yóò ṣe níbẹ̀ àti ọwọ́ tí yóò máa lò ó ni ó yẹ kí onítọ̀hún kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí ó tó ná owó. Láìpẹ́ yìí, ariwo fóònù oníbọ́tìnnì tún ti gba ìgboro lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọn tí ó rò pé irú fóònù bẹ́ẹ̀ ti kú, tí wọ́n tilẹ̀ ti sin ín, ń rí i tí ó ń padà bọ̀ pẹ̀lú aṣọ tuntun. Bóyá fóònù náà rẹwà tàbí kò rẹwà kọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀. Ohun tí ó yẹ ní bíbéèrè ni pé bí olùkọ́ èdè Yorùbá tàbí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí bá ra fóònù náà, ǹjẹ́ yóò lè fi kọ orúkọ ìlú ara rẹ̀ bí ó ti tọ́ àti bí ó ti yẹ?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, tí ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí ní agbègbè Òkè-Ògùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, jẹ́ ìlú tí orúkọ rẹ̀ le fún ẹ̀rọ. Lẹ́tà mẹ́jọ ni ó wà nínú orúkọ náà. Nínú mẹ́jọ yìí, mẹ́ta péré ni kò gba àmì kankan: p, t àti r. Àwọn márùn-ún yòókù ni wọ́n gbé ẹrù. Ṣ gba àmì sí abẹ́, ẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba àmì sí abẹ́ wọ́n sì tún gba àmì ohùn ìsàlẹ̀ sí orí, í sì gba àmì ohùn òkè. Bí a bá ṣírò rẹ̀, àmì abẹ́ lẹ́tà jẹ́ mẹ́rin, àmì ohùn jẹ́ mẹ́rin, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ àmì mẹ́jọ lórí lẹ́tà mẹ́jọ. Ẹ̀rọ tí ó bá lè kọ orúkọ yìí láìjanpata, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá ni yóò lè kọ. Orúkọ ìlú náà, nígbà náà, tó ìdánwò fún fóònù èyíkéyìí.

Kí a tó gbé fóònù tuntun sórí òṣùwọ̀n, ó dára kí a rántí èyí tí ó ti lọ. Ọdún 1999 ni ilé-iṣẹ́ Research In Motion ti orílẹ̀-èdè Kánádà gbé ẹ̀rọ BlackBerry àkọ́kọ́ jáde. Ní Nàìjíríà, níbi tí fóònù GSM ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2001, nǹkan bí ọdún 2009 sí 2013 ni BlackBerry fi gbayì jù lọ. Ní àkókò náà, àwọn ọ̀dọ́ a máa fi nọ́ńbà PIN wọn yangàn bí ẹni tí ó joyè, a sì máa gbọ́ ìró bọ́tìnnì wẹ́wẹ́ nínú ọkọ̀ èrò àti nínú gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Fóònù onígíláàsì gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní oṣù Ọwẹwẹ ọdún 2016, BlackBerry kéde pé òun kò ní fi ọwọ́ ara òun ṣe fóònù mọ́. Ilé-iṣẹ́ TCL ti ilẹ̀ Ṣáínà gba orúkọ náà lò, ó sì ṣe KeyOne ní ọdún 2017 àti Key2 ní ọdún 2018. Ìkànnì BBM tí gbogbo ènìyàn ti ń tàkúrọ̀sọ tẹ́lẹ̀ kógbá sílé ní ọjọ́ 31 oṣù Èbìbí ọdún 2019. Nígbà tí ó di ọjọ́ 4 oṣù Ṣẹrẹ ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ náà dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí àwọn fóònù tí ó ń lo ètò ìṣiṣẹ́ BlackBerry àtijọ́. Ẹni tí ó bá ṣì ní ọ̀kan nínú àpótí kàn ń tọ́jú ohun ìrántí ni.

Àwọn tí ó fẹ́ràn bọ́tìnnì kò gbà pé ó parí síbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Unihertz tí ó wà ní ìlú Shanghai ti ń ṣe fóònù oníbọ́tìnnì tí a pè ní Titan láti ọdún 2019, ó sì gbé Titan 2 jáde ní ọdún 2025. Ilé-iṣẹ́ mìíràn, Clicks, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024 pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù tí a ń kì bọ ìdí iPhone, ó sì kéde fóònù oníbọ́tìnnì ti ara rẹ̀ ní oṣù Ṣẹrẹ ọdún 2026. Titan 2 ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín. Ojú rẹ̀ ní igun mẹ́rin dọ́gbadọ́gba, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ínṣì 4.5, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ojú náà, Android ni ó ń lò, bátìrì rẹ̀ sì ju 5,000 mAh lọ díẹ̀. Iye rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 400 dọ́là ní òkè òkun.

Ẹni tí yóò bá ṣe ìdájọ́ òdodo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ohun tí ó dára lára ohun tí ó ń dá lẹ́jọ́. Bọ́tìnnì ní iyì tí gíláàsì kò ní. Ìka ènìyàn mọ ibi tí bọ́tìnnì wà láìjẹ́ pé ojú wò ó, nítorí náà ẹni tí ó ti mọ̀ ọ́n lò lè máa wo ohun tí ó ń kọ dípò kí ó máa wo ibi tí ó ń tẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù onígíláàsì a máa bo apá kan ojú fóònù nígbà tí a bá ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n ti bọ́tìnnì ní àyè tirẹ̀, gbogbo ojú fóònù sì ṣófo fún àròkọ. Àgbẹ̀ tí iṣẹ́ oko ti mú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le, tàbí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi àti òógùn, mọ̀ pé gíláàsì a máa kọtí ikún sí ìka nígbà mìíràn. Bọ́tìnnì kì í kọ̀ bẹ́ẹ̀. Fún olùkọ́ tí ojú ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, títẹ ohun tí ọwọ́ lè mọ̀ jẹ́ ìtura gidi.

Àǹfààní wọ̀nyí kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ó bá ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ lẹ́tà púpọ̀ lójúmọ́, tí owó kò sì ṣòro fún, kò jẹ̀bi bí ó bá ra fóònù náà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ Yorùbá kì í fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan kọ̀wé. Ibẹ̀ gan-an ni gbẹ́gẹ́dẹ ti ń gbiná.

Wo bọ́tìnnì ara fóònù náà lọ́kọ̀ọ̀kan: Q, W, E, R, T, Y. Kò sí ẹ níbẹ̀. Kò sí ọ. Kò sí ṣ. Kò sí àmì ohùn òkè, kò sí ti ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ti to àwọn lẹ́tà náà kì í ṣe tuntun rárá. Christopher Latham Sholes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà ni wọ́n gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn ní ọdún 1868, ilé-iṣẹ́ Remington sì bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní ọdún 1874. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ní lọ́kàn. Èdè wọn ni wọ́n ń kọ, a kò lè dá wọn lẹ́bi fún ìyẹn.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé Yorùbá ni àlejò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Òkè-Ògùn ni ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù lọ láti sọ Yorùbá di èdè kíkọ sílẹ̀. Òṣóògùn, tí kò jìnnà sí Ìṣẹ́yìn, ni a ti bí Àjàyí Crowther ní nǹkan bí ọdún 1809. Ibẹ̀ ni ogun ti kó o lẹ́rú ní ọdún 1821. Ó tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843, àmì abẹ́ lẹ́tà sì ti wọ inú àkọtọ́ wa láti àwọn ọdún 1850. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Ìyẹn ni pé ìwé ìròyìn Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí Remington tó ta ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àkọ́kọ́. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́ bí ó ti rí, kíkọ Yorùbá sílẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n, kíbọ́ọ̀dù ni àbúrò. Àbúrò ni ó sì yẹ kí ó dìde fún ẹ̀gbọ́n.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yàtọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ọ́fíìsì àti ilé-ìwé wa, akọ̀wé a tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ láìsí àmì, a yọ ìwé kúrò nínú ẹ̀rọ, a wá mú bírò láti máa fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá ní sùúrù a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé ìdánwò, ìwé ìkéde ìpàdé, ìwé ìpè sí ìgbéyàwó, gbogbo wọn ni ìyà yìí jẹ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ó jogún kíbọ́ọ̀dù náà. Nígbà tí fóònù dé, òun náà jogún rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ àbùkù ẹ̀rọ kan wá di àṣà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn.

Ìpalára àṣà yìí kò pamọ́ fún olùkọ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù: "Oko mi ti baje." Kí ni ó bàjẹ́? Bí ó bá jẹ́ oko, a ó bá àgbẹ̀ kẹ́dùn. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀, a ó wá mẹkáníìkì. Bí ó bá jẹ́ ọkọ́, a ó lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Bí ó bá jẹ́ ọkọ, ẹbí ni yóò jókòó lé e. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀kọ̀, a ó bi í léèrè ogun tí ó fẹ́ lọ jà. Lẹ́tà mẹ́ta náà ni gbogbo wọn, àmì nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ènìyàn lè sọ pé ẹni tí ó ń kà á yóò fòye gbé e. Òótọ́ ni, lọ́pọ̀ ìgbà yóò fòye gbé e. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń fòye ka èdè rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ kì yóò mọ bí a ti ń kọ ọ́ ní ọjọ́ ìdánwò. Olùkọ́ ń rí i nínú ìwé iṣẹ́ wọn: ọmọ tí ó lè sọ Yorùbá bí omi tí ń ṣàn, tí kò sì lè fi àmì sí orúkọ bàbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tún ti le sí i. Ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún 2022, pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé, ni ìjọba kan náà fagi lé ní oṣù Belu ọdún 2025. Bí Yorùbá bá ti ń dín kù lórí pátákó olùkọ́, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ọmọ yóò ti máa rí i jù ní kíkọ sílẹ̀. Bí ó bá wá jẹ́ pé ìhòòhò ni wọ́n ń rí i níbẹ̀, láìsí àmì, kí ni a fẹ́ kí wọ́n mọ̀?

Nípa ti gíláàsì, ó yẹ kí a fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Gíláàsì kò ní lẹ́tà kankan tí a kọ mọ́ ọn lára, nítorí náà ó lè di ohunkóhun tí a bá ní kí ó dà. Lónìí, Gboard ti Google ní Yorùbá, SwiftKey náà ní in. Ẹni tí ó bá yan Yorùbá nínú ètò fóònù rẹ̀ yóò rí àwọn lẹ́tà wa, bí ó bá sì fi ìka tẹ fáwẹ̀lì kan pẹ́ díẹ̀, àwọn tí ó ní àmì yóò yọjú. Ní ti orúkọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, fóònù onígíláàsì olówó pọ́ọ́kú lè ṣe ohun tí fóònù oníbọ́tìnnì olówó ńlá kò tí ì lè ṣe láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tí ó bá ra ti oníbọ́tìnnì lè pe kíbọ́ọ̀dù onígíláàsì sójú rẹ̀, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú fóònù náà kò tóbi tẹ́lẹ̀, kíbọ́ọ̀dù yóò sì bo ìdajì rẹ̀. Ta ni ó ń ra ẹṣin tán tí ó tún ń fi ẹsẹ̀ rìn?

Síbẹ̀, bí gíláàsì bá ti yanjú ọ̀rọ̀ náà tán, èéṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ní i lọ́wọ́ kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ wọn? Àwọn kan yóò ní ọ̀lẹ ni. Ọ̀lẹ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́. Kí ènìyàn tẹ lẹ́tà, kí ó dúró, kí ó wo àkójọ tí ó yọ, kí ó yan ọ̀kan, kí ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e, ọwọ́ a máa sú, èrò ọkàn a sì máa sá lọ. Lẹ́yìn èyí, fóònù a tún máa rò pé òun gbọ́n ju ẹni tí ó ń kọ̀wé lọ, a máa fúnra rẹ̀ yí ọ̀rọ̀ Yorùbá padà sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó jọ ọ́, àfi bí a bá pa ètò náà. Gíláàsì fún wa ní àmì, ṣùgbọ́n kò fún wa ní ìyára.

Níbi yìí ni fóònù oníbọ́tìnnì ti lè gba ara rẹ̀ là, ọ̀nà náà kò sì jìnnà. Kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì ní lẹ́tà 26. Nínú wọn, márùn-ún wà tí Yorùbá kì í lò rárá: c, q, v, x àti z. Ohun tí Yorùbá sì nílò tí kò sí lórí kíbọ́ọ̀dù náà, kí ni wọ́n? Ẹ, ọ, ṣ, àmì ohùn òkè àti àmì ohùn ìsàlẹ̀. Márùn-ún náà ni. Ohùn àárín kì í gba àmì, nítorí náà kò sí ní ìṣirò. Bọ́tìnnì márùn-ún ń jókòó láìníṣẹ́, iṣẹ́ márùn-ún sì ń wá ọwọ́ tí yóò ṣe é. Bí a bá sọ àwọn márùn-ún yìí di tiwa, tí a sì fi àwọn lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì náà sí ẹ̀yìn bọ́tìnnì Alt fún ìgbà tí a bá fẹ́ kọ orúkọ àjèjì, Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí yóò gba títẹ̀ méjìlá péré: mẹ́jọ fún lẹ́tà, mẹ́rin fún àmì ohùn. Kò sí dídúró, kò sí àkójọ tí a ń yàn nínú rẹ̀. Àwọn bọ́tìnnì ohùn méjì náà yóò sì ṣiṣẹ́ fún n àti m nígbà tí wọ́n bá dá dúró bíi sílébù. Bí ìka bá ti mọ ibi tí wọ́n wà, fífi àmì sí ọ̀rọ̀ yóò di ara kíkọ ọ̀rọ̀, kì yóò jẹ́ iṣẹ́ kejì mọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé kí a kàn fún ẹ̀, ẹ́, ọ̀ àti ọ́ ní bọ́tìnnì tiwọn. Kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tí gbogbo kọ̀ǹpútà àgbáyé fi ń mọ lẹ́tà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ̀ àti ẹ́ kò ní. Ẹ ni ẹ̀rọ ń kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà ni ó gbé àmì ohùn lé e lórí. Ètò bọ́tìnnì ohùn tí a ń tẹ̀ lẹ́yìn fáwẹ̀lì bá ìlànà yìí mu, ó sì bá ọ̀nà tí olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ mu pẹ̀lú: kọ lẹ́tà, gbọ́ ohùn rẹ̀, fi àmì sí i.

Èyí kì í ṣe àlá. Ilé-iṣẹ́ Lancor ti ṣe kíbọ́ọ̀dù Konyin fún kọ̀ǹpútà, èyí tí a dìídì ṣe fún àwọn èdè Nàìjíríà. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá àti àjọ rẹ̀, ALT-I, ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe mọ Yorùbá. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tí ó wà lẹ́yìn YorubaName ṣe ètò kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ tí a fi ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí Windows àti Mac. Ẹ̀kọ́ tí iṣẹ́ wọn kọ́ wa ni pé bọ́tìnnì kò kórìíra Yorùbá. Ẹni tí ó bá jókòó ti ẹ̀rọ náà tí ó sì ní èdè wa lọ́kàn ni ẹ̀rọ yóò ṣiṣẹ́ fún. Ohun tí ó kù ni kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dé inú fóònù oníbọ́tìnnì láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é.

Títí di ìgbà náà, kí ni kí olùkọ́ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ṣe? Kí ó kọ́kọ́ ṣírò owó. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,400 náírà, 400 dọ́là jẹ́ 560,000 náírà, láì tí ì ka owó ìkówọlé. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fi òǹtẹ̀ lù ní ọdún 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Owó fóònù náà jẹ́ owó iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ gbáko, láìjẹ iṣu, láìwọ ọkọ̀, láìsan owó ilé-ìwé ọmọ. Lẹ́yìn èyí, kí ó wo ojú ọjọ́. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Òkè-Ògùn. Nígbà ọyẹ́, eruku a máa wọ ibi tí abẹ́rẹ́ kò lè wọ̀, àlàfo tí ó wà láàrin bọ́tìnnì sì pọ̀ ju tí gíláàsì lọ. Bí bọ́tìnnì kan bá kú, ta ni yóò tún un ṣe? Ojú gíláàsì fóònù tí ó wọ́pọ̀ kò ṣòro rí ní Ṣakí, ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ìbàdàn. Ti fóònù tí ènìyàn díẹ̀ ń lò kò rí bẹ́ẹ̀. Bátìrì rẹ̀ tí ó lágbára wúlò níbi tí iná mànàmáná kì í dúró, ṣùgbọ́n fóònù onígíláàsì tí bátìrì rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ti kún ọjà ní iye tí kò tó ìlàjì owó yìí.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò gba owó púpọ̀. Kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà lásán ṣeé so mọ́ fóònù Android púpọ̀, yálà pẹ̀lú okùn OTG tàbí pẹ̀lú Bluetooth. Láti ọdún 2012 tí Android 4.1 ti jáde ni ètò náà ti gba áàpù láyè láti gbé ètò lẹ́tà tirẹ̀ wá fún irú kíbọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwé kan lè ra kíbọ́ọ̀dù méjì tàbí mẹ́ta, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa fi kọ́ bí a ti ń tẹ̀wé. Àǹfààní rẹ̀ kò mọ sí Yorùbá. Láti ọdún 2015 ni JAMB ti ń ṣe ìdánwò UTME lórí kọ̀ǹpútà nìkan, débi pé wọ́n ṣètò kí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò mọ máòsì lò lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré dáhùn: A, B, C, D, N, P, S àti R. Ọmọ tí ó bá jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn ìdánwò ni ó ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan kíbọ́ọ̀dù, ẹ̀rù rẹ̀ ju ti ìbéèrè lọ. Bí ó bá ti fi Yorùbá kọ́ ọ ní kíláàsì, ó ti pa ẹyẹ méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Iṣẹ́ tún wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà. Ètò tí yóò sọ c, q, v, x àti z di ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn méjèèjì kò ju agbára ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ní ìtọ́sọ́nà lọ. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ bíi Keyman wà tí a fi ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀. Kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ kọ̀ǹpútà jókòó pọ̀, kí wọ́n fi orúkọ ìlú wọn dán an wò: Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, Àgọ́-Àmọ̀dù, Ṣakí, Ìṣẹ́yìn. Bí ó bá kọ ìwọ̀nyí tọ́, kí wọ́n pín in fún àwọn ilé-ìwé yòókù.

Ìdájọ́ náà nìyí. Fóònù oníbọ́tìnnì tuntun jẹ́ ẹ̀rọ tí ó dára fún ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì tó fún. Fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, kò tí ì tó owó tí wọ́n ń pè é, nítorí pé ó ní gbogbo bọ́tìnnì tí a nílò, kò sì tí ì yá wa ní ẹyọ kan. Kí olówó má ṣe rà á nítorí ìrántí BlackBerry nìkan, kí ẹni tí kò lówó má sì ṣe rò pé òun pàdánù nǹkan. Fóònù tí ó wà lápò wọn nísinsìnyí, bí wọ́n bá yan Yorùbá nínú ètò rẹ̀ lónìí, yóò kọ orúkọ ìlú wọn tọ́. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní ti àwọn tí ó ń ṣe fóònù oníbọ́tìnnì ní Shanghai àti níbòmíràn, ohun tí Yorùbá ń béèrè lọ́wọ́ wọn kò ju bọ́tìnnì márùn-ún lọ, àwọn bọ́tìnnì náà sì ti wà lára ẹ̀rọ wọn tẹ́lẹ̀.